Ẹ̀wà Tí Kò Rọ̀ àti Ẹ̀wà Tí Ń Wú Inú: Ìdáhùn sí Àwọn Lẹ́tà Yín

Láti ìgbà tí a ti kọ̀wé lórí ẹ̀fọ́ ní oṣù tó kọjá, lẹ́tà tí ó ń dé ọ̀dọ̀ wa kò jẹ mọ́ ẹ̀fọ́ rárá. Ọ̀rọ̀ ẹ̀wà ni gbogbo yín ń béèrè. Mo yan mẹ́fà nínú àwọn lẹ́tà náà, mo gé wọn kúrú kí àyè lè gbà wọ́n, mo sì yọ orúkọ àwọn tí ó kọ wọ́n kúrò. Bí mo ti ń kà wọ́n ni mo ń rí i pé iná ni a máa ń dá lẹ́bi nígbà tí ìkòkò ẹ̀wà bá dójú tì wá, bẹ́ẹ̀ ohun tí ó ba ẹ̀wà náà jẹ́ ti ṣẹlẹ̀ sí i tipẹ́, nínú àpò, nínú ọjà, tàbí nínú abọ́ omi tí a rẹ ẹ́ sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka ìdáhùn àkọ́kọ́, nítorí pé òun ni ó gùn jù, òun sì ni àwọn yòókù fẹ̀yìn tì.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra ẹ̀wà olóyin kóńgò mẹ́rin ní ọjà Bódìjà ní oṣù Kẹjọ. Mo gbé e kaná ní aago mẹ́wàá àárọ̀, ó di aago kan ọ̀sán, kò rọ̀. Gáàsì ń tán lọ, ebi sì ń pa àwọn ọmọ. Ìyá ọkọ mi ní kí n ju káún sí i. Ó rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó dúdú, ó ń yọ̀, ó sì ń dà bí ọṣẹ lẹ́nu, kò sí ẹni tí ó jẹ ẹ́ tán. Aládùúgbò mi sọ pé parasitamọ́ọ̀lù méjì ni òun máa ń fi sí tòun. Kí ni mo ṣe tí kò dára? Kóńgò méjì àti ààbọ̀ ṣì kù nílẹ̀. Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìnira ọjọ́ náà. Ẹ kò ṣe ohun kan tí kò dára nídìí ìkòkò. Ọjọ́ orí ẹ̀wà yẹn ni kí á kọ́kọ́ wò. Òkè Ọya ni a ti ń gbin èyí tí ó pọ̀ jù nínú ẹ̀wà tí à ń jẹ ní ilẹ̀ Yorùbá, ìkórè rẹ̀ sì máa ń bọ́ sí ìgbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, láti nǹkan bí oṣù Kẹsàn-án títí di oṣù Kọkànlá. Ẹ̀wà tí ẹ rà ní oṣù Kẹjọ lè ti lo oṣù mẹ́sàn-án tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú àpò, kí ooru ẹ̀ẹ̀rùn kọ́kọ́ mú un lábẹ́ páànù, kí ọ̀rinrin òjò sì tún bá a níbẹ̀, kí ó tó dé inú igbá yín. Ooru àti ọ̀rinrin wọ̀nyí ni ó ń sọ ẹ̀wà di olóríkunkun.

Nínú hóró ẹ̀wà, ohun kan wà tí ó ń ṣe iṣẹ́ àtè, tí ó so àwọn yàrá wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ mọ́ra. Pectin ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Nígbà tí a bá se ẹ̀wà tuntun, omi gbígbóná yóò yọ́ àtè náà, àwọn yàrá wọ̀nyí yóò túká, ẹ̀wà yóò sì fọ́ lẹ́nu láìlo eyín. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti pẹ́ jù nínú ooru, èròjà calcium àti magnesium tí ó wà nínú hóró náà yóò tú sílẹ̀, wọn yóò lọ dì mọ́ àtè yẹn, wọn yóò sì mú un le gbagidi, débi pé bí ẹ tilẹ̀ ń dáná títí di alẹ́, èèpo lè ya kí inú rẹ̀ ṣì máa ta eyín bí òkúta wẹ́wẹ́.

Omi náà a máa dá kún un. Ní àwọn àdúgbò kan, omi kànga àti omi ẹ̀rọ tí a gbẹ́ sí abẹ́ ilẹ̀ kún fún calcium yìí kan náà, ẹ óò sì mọ irú omi bẹ́ẹ̀ nípa pé ọṣẹ kì í fẹ́ hó nínú rẹ̀, ohun funfun kan bí ẹfun a sì máa lẹ̀ mọ́ ìdí kẹ́tù tí a fi ń se é. Ẹ bu ẹ̀wà ẹ̀kúnwọ́ kọ̀ọ̀kan sínú ìkòkò kékeré méjì, ẹ fi omi kànga yín se ọ̀kan, kí ẹ sì fi omi òjò tí ó mọ́ tàbí omi inú ọ̀rá se èkejì. Bí ti omi òjò bá rọ̀ ṣáájú, omi yín ni ó ń dá wàhálà sílẹ̀. Bí méjèèjì bá le bákan náà, ẹ̀wà ti gbó.

Ọ̀rọ̀ parasitamọ́ọ̀lù ni ó já mi láyà jù nínú lẹ́tà yín. Oògùn ni, kì í ṣe èlò ọbẹ̀, àjọ NAFDAC sì ti kìlọ̀ gidigidi fún àwọn tí ń fi í se ẹran àti ẹ̀wà. Bí ó bá pọ̀ lápọ̀jù nínú ara, ẹ̀dọ̀ ni ó ń bàjẹ́, ẹni tí ó jókòó ti àwo ẹ̀wà kò sì mọ iye tí òun ń gbé mì, pàápàá ọmọdé tí ara rẹ̀ kò tíì tó nǹkan. Ẹ bá mi bẹ aládùúgbò yín pé kí ó jáwọ́ nínú rẹ̀ lónìí.

Ti káún yàtọ̀ sí èyí. Láti ìhà adágún Chad ni àwọn oníṣòwò ti ń gbé e wá sí ọ̀dọ̀ wa láti ayé àwọn baba ńlá wa, kò sì sí ẹni tí ó lè lé e kúrò nínú ilé ìdáná Yorùbá, nítorí pé ewédú àti ilá kò gbàgbé rẹ̀. Iṣẹ́ tí eérú ń ṣe ni ó ń ṣe: ó ń yọ́ àtè tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ìdí nìyẹn tí ẹ̀wà fi ń rọ̀ kíákíá. Ṣùgbọ́n kì í mọ ibi tí ó yẹ kí ó dúró. A máa sọ èèpo di ohun yíyọ̀, a máa mú àwọ̀ ṣókùnkùn, a máa fún ẹ̀wà ní adùn ọṣẹ tí ẹ rí yẹn, a sì máa ba fítámì B1, tí ó jẹ́ ara oore tí ẹ̀wà ń ṣe fún wa, jẹ́. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá fínra kò sì gbọdọ̀ fi í ṣeré, nítorí pé sodium, èròjà inú iyọ̀ gan-an tí dókítà ń kìlọ̀ lé lórí, ni ó kún inú rẹ̀. Bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn, ẹ fi èyí tí kò ju hóró àgbàdo méjì lọ sínú omi tí ẹ óò fi rẹ ẹ̀wà, ẹ da omi náà nù, kí ẹ sì ṣan ẹ̀wà dáadáa kí ó tó dé orí iná. Èyí tí a bá jù sínú ìkòkò ní wákàtí kẹta kò ní ibi tí yóò gbà jáde. Inú àwo ni yóò bá yín dé.

Báyìí ni èmi ń se ẹ̀wà tí mo bá fura sí pé ó ti gbó. Lálẹ́ ni mo ti ń ṣà á, tí mo ń yọ òkúta àti èyí tí kòkòrò ti jẹ kúrò, tí mo sì ń fọ̀ ọ́, nítorí pé ṣíṣa ẹ̀wà lábẹ́ iná alẹ́ pẹ̀lú àwọn ọmọ dùn ju kí a máa kánjú ṣà á ní òwúrọ̀ lọ. Mo ń rẹ ẹ́ sínú omi púpọ̀, ìlọ́po mẹ́ta ẹ̀wà, fún wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ, mo sì ń da omi náà nù. Ẹ má jẹ́ kí ó pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ nínú ooru wa, nítorí pé yóò bẹ̀rẹ̀ sí hó fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́, yóò sì kan. Mo ń gbé e kaná pẹ̀lú omi tuntun, mo ń jẹ́ kí ó hó fún ìṣẹ́jú 10, mo tún ń da omi yẹn nù. Omi kẹta, tí ó ti gbóná tẹ́lẹ̀, ni mo fi ń sè é gan-an, pẹ̀lú odidi àlùbọ́sà kan tí mo là sí méjì. Nígbà tí ó bá ti hó fún ìṣẹ́jú 15, mo ń pa iná, mo ń dé e pinpin, mo ń fi aṣọ tí ó nípọn wé ìkòkò náà, mo sì ń fi í sílẹ̀ fún wákàtí kan gbáko. Gáàsì kò jó ní gbogbo wákàtí yẹn, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀wà kò dúró. Ooru inú ìkòkò ń wọ inú rẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀. Bí mo bá tún tan iná, kì í pẹ́ mọ́. Omi gbígbóná ni mo fi ń bù kún un bí omi rẹ̀ bá fà, kí híhó rẹ̀ má baà dáwọ́ dúró. Ẹni tí ó bá ní pressure pot lè dín gbogbo èyí kù púpọ̀, nítorí pé omi inú rẹ̀ a máa gbóná dé nǹkan bí 120°C, nígbà tí ti ìkòkò lásán kò lè kọjá 100°C.

Ní ti kóńgò méjì àti ààbọ̀ tí ó kù, ẹ má dà á nù. Ẹ bó o, ẹ lọ̀ ọ́, kí ẹ fi se mọ́ínmọ́ín tàbí kí ẹ fi dín àkàrà jẹ díẹ̀díẹ̀, nítorí pé ọlọ ti ṣe iṣẹ́ tí iná kò lè ṣe. Àkàrà rẹ̀ lè má ru tó ti ẹ̀wà tuntun, ṣùgbọ́n ẹ óò jẹ ẹ́. Nígbà mìíràn tí ẹ bá dé ọjà, ẹ bi oníẹ̀wà bóyá tuntun ni tàbí ti èṣí, ẹ wò ó bóyá àwọ̀ rẹ̀ ti ṣú ju bí ó ti yẹ lọ, tí èèpo rẹ̀ sì ti hunjọ. Kí ẹ tó ra kóńgò mẹ́rin, ẹ ra agolo mílíìkì kan péré, kí ẹ lọ sè é wò nílé. Oníẹ̀wà tí ọjà rẹ̀ dára kò ní bínú sí yín.

ÌBÉÈRÈ: Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣègbéyàwó ni. Ìyá mi kọ́ mi pé iyọ̀ kò gbọdọ̀ kan ẹ̀wà tí kò tíì rọ̀. Ọ̀rẹ́ mi ní ọ̀rọ̀ àgbà lásán ni. Ta ni kí n tẹ̀ lé? Nígbà wo sì ni ata àti epo yẹ kí ó wọ inú ìkòkò? Òǹkàwé kan, Òṣogbo.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìnáwó ìgbéyàwó, Olúwa yóò jẹ́ kí ilé náà tòrò. Iyọ̀ kọ́ ni ọ̀tá ẹ̀wà. Ìwọ̀n ṣíbí kékeré kan nínú omi tí a fi rẹ ẹ̀wà kóńgò kan a tilẹ̀ máa ran èèpo lọ́wọ́ láti rọ̀, nítorí pé ó ń lé lára calcium tí ó wà nínú èèpo náà kúrò. Ohun tí ó ń dí ẹ̀wà lọ́wọ́ ní tòótọ́ ni ohun kíkan, tòmátì sì ni olórí wọn nínú ọbẹ̀ wa. Ẹ̀wà tí tòmátì bá wọ inú rẹ̀ kí ó tó rọ̀, bí ó ti wà ni yóò ṣe máa wà. Síbẹ̀, ìmọ̀ràn ìyá yín kò ṣubú lulẹ̀, nítorí pé omi ẹ̀wà a máa fà púpọ̀ lórí iná, iyọ̀ tí ó tọ́ nígbà tí omi kún ìkòkò lè di àpọ̀jù nígbà tí omi bá gbẹ. Ẹ fi díẹ̀ sínú omi rírẹ, ẹ dá ìyókù dúró di ìgbà tí hóró ẹ̀wà bá ń fọ́ láàárín ìka méjì. Ìgbà náà ni kí ata lílọ̀, epo pupa àti edé wọlé. Epo tí ó bá tètè wọlé kì í mú kí ẹ̀wà le, ṣùgbọ́n a máa jẹ́ kí ó tètè jó mọ́ ìdí ìkòkò bí omi bá ti dín.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin màmá wa, ẹ kú iṣẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, ẹ̀wà ni owó mi ká, ìgbà mẹ́rin ni mo sì ń jẹ ẹ́ lọ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá jẹ ẹ́ lálẹ́, inú mi a wú, afẹ́fẹ́ a sì máa dà mí láàmú láàárín àwọn ará yàrá mi. Ṣé àìsàn ni? Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Ilé-Ifẹ̀.

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, àìsàn kọ́, má sì jẹ́ kí ojú tì ọ́. Oríṣi ṣúgà kan wà nínú ẹ̀wà, raffinose àti stachyose ni wọ́n ń pè wọ́n, tí inú ọmọ ènìyàn kò ní ohun tí yóò fi dà wọ́n. Wọn yóò kọjá lọ sínú ìfun ńlá bí a ti gbé wọn mì, níbi tí àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí, tí Ẹlẹ́dàá fi síbẹ̀ fún ìlera wa, yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí jẹ wọ́n. Afẹ́fẹ́ tí ó ń dà ọ́ láàmú ni ó ń tinú oúnjẹ wọn jáde.

Àwọn ṣúgà wọ̀nyí a máa yọ́ sínú omi, ibẹ̀ ni ìrànlọ́wọ́ wà. Rẹ ẹ̀wà rẹ, da omi náà nù; jẹ́ kí ó hó fún ìṣẹ́jú 10, da omi yẹn náà nù, kí o tó fi omi tuntun sè é jinná. Díẹ̀ nínú fítámì rẹ̀ yóò bá omi lọ, mi ò ní fi ìyẹn pamọ́ fún ọ, ṣùgbọ́n ẹ̀wà tí ara rẹ gbà sàn ju èyí tí o ń bẹ̀rù lọ. Rí i pé ó rọ̀ dénú, nítorí pé ẹ̀wà tí kò jinná tán a máa fún inú ní iṣẹ́ méjì. Má ṣe jẹ ẹ́ ní àjẹyó kí o tó sùn. Jẹ ẹ́ lọ́sàn-án, ní ìwọ̀n tí ó mọ, kí o sì máa jẹ ẹ́ déédéé, nítorí pé ìfun a máa mọ́ oúnjẹ lára. Bí inú bá ń dùn ọ́ gan-an, tàbí tí o rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀wà mọ́. Lọ rí dókítà.

Ohun kan wà tí o kò béèrè tí mo fẹ́ fi kún un nítorí àpò rẹ. Èròjà amáradàgbà inú ẹ̀wà gbígbẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní àlàfo kan tí ọkà lè bá a dí. Ìrẹsì ni ọkà, àgbàdo ni ọkà; ìdí nìyẹn tí àdàlú fi jẹ́ oúnjẹ pípé fún ẹni tí kò rí ẹran rà. Gàrí, bí ó ti wù kí ó dùn tó lórí ẹ̀wà, kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn. Bí iná mànàmáná kò bá dúró lọ́dọ̀ yín, èyí tí ìwọ yóò jẹ tán lójúmọ́ ni kí o máa sè, nítorí pé ẹ̀wà kì í pẹ́ kan.

ÌBÉÈRÈ: Ìdílé Àgùdà ni wọ́n fi mí fún ní Èkó, wọ́n sì ń retí fẹ̀jọ̀n lọ́wọ́ mi ní Ọjọ́ Ẹtì Rere. Tèmi kì í kúnná bí ti ìyá ọkọ mi. Òǹkàwé kan, Erékùṣù Èkó.

ÌDÁHÙN: Oúnjẹ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ gùn ni ẹ dì mú yìí. Àwọn baba ńlá ọkọ yín gbé e bọ̀ láti Brazil nígbà tí wọ́n padà sílé lẹ́yìn oko ẹrú, orúkọ rẹ̀ sì wá láti inú feijão, tí í ṣe ẹ̀wà ní èdè Potogí. Àwọn ará wa tí ó kù sí Bahia lọ́hùn-ún ṣì ń dín àkàrà ní ojú pópó títí di òní, acarajé ni wọ́n ń pè é. Bí fẹ̀jọ̀n kò bá kúnná, ẹ̀wà ni kò tíì jinná tán nígbà tí ẹ lọ̀ ọ́. Ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú, ẹ sè é títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di àṣáró fúnra rẹ̀, ẹ lọ̀ ọ́ nígbà tí ó ṣì gbóná, kí ẹ sì fi asẹ́ tí ojú rẹ̀ kéré sẹ́ ẹ. Oje àgbọn àti ṣúgà kò gbọdọ̀ wọlé ṣáájú àsìkò yìí. Iná kékeré ni kí ẹ fi parí rẹ̀, kí ẹ máa rò ó láìdáwọ́dúró, nítorí pé oje àgbọn tí ó bá hó lápọ̀jù yóò ya epo sọ́tọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú àárọ̀, ẹ̀gbọ́n wa. Ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, ni mò ń gbé. Nígbà tí mi ò rí ẹ̀wà olóyin rà mọ́, mo ra ẹ̀wà pupa ńlá tí wọ́n ń pè ní kidney beans. Mo fọ̀ ọ́, mo dà á sínú slow cooker, ìkòkò oníná mànàmáná tí ń fi ooru díẹ̀ se oúnjẹ fún wákàtí púpọ̀, mo sì lọ sí ibi iṣẹ́. Nígbà tí mo dé, ó ti rọ̀ díẹ̀, a jẹ ẹ́. Kò tó wákàtí mẹ́ta tí èmi, ọkọ mi àti ọmọ wa fi bẹ̀rẹ̀ sí bì. Ṣé ẹ̀wà náà ti bàjẹ́ ni? Òǹkàwé kan, Lọ́ńdọ̀nù.

ÌDÁHÙN: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, àbúrò mi, a dúpẹ́ pé ẹ wà láàyè láti kọ̀wé. Ẹ̀wà náà kò bàjẹ́. Májèlé wà nínú rẹ̀ láti oko wá. Phytohaemagglutinin ni orúkọ rẹ̀, ó pọ̀ gan-an nínú ẹ̀wà pupa ńlá yẹn, débi pé hóró mẹ́rin tàbí márùn-ún tí kò jinná lè mú àgbàlagbà bì láàárín wákàtí kan sí mẹ́ta, kí ìgbẹ́ gbuuru sì tẹ̀ lé e. Híhó gidi ni ó ń pa á. Ooru slow cooker kì í sábà dé ojú ìhó, ohun tí ó sì burú jù níbẹ̀ ni pé ooru tí kò tó, bíi 80°C, lè mú kí májèlé náà lágbára sí i ju ti ẹ̀wà tútù lọ. Nítorí náà ni ẹ ṣe rí i tí ó rọ̀, ṣùgbọ́n tí ó ṣe yín ní jàǹbá. Rírọ̀ kì í ṣe ẹ̀rí ààbò fún irú ẹ̀wà yẹn.

Bí ẹ óò bá tún sè é, ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú, ẹ da omi rẹ̀ nù, ẹ fi omi tuntun gbé e sórí iná nínú ìkòkò lásán, kí ó sì hó kùtùkùtù fún ìṣẹ́jú 30 kí ẹ tó dín iná kù. Ìṣẹ́jú 10 ni ìwọ̀n tí ó kéré jù tí wọ́n ń sọ lọ́dọ̀ yín, ṣùgbọ́n nítorí ọmọ inú ilé, ẹ bá mi fi 20 kún un. Lẹ́yìn èyí ni ẹ tó lè gbé e sínú slow cooker bí ẹ bá fẹ́. Ti inú agolo kò ní wàhálà yìí, nítorí pé wọ́n ti sè é jinná.

Ìmọ̀ràn mi gan-an ni pé kí ẹ fi í sílẹ̀, kí ẹ ra èyí tí wọ́n kọ black-eyed beans sí lára. Àjèjì kọ́ ni, ọmọ ìyá ẹ̀wà funfun tiwa ni. Láti Áfíríkà ni ó ti bá àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú dé Amẹ́ríkà. Ẹ óò fi í ṣe ẹ̀wà ríró, ẹ óò fi í ṣe gbẹ̀gìrì, kò sì ní ohun tí yóò mú yín bì bí ó bá ti jinná. Àwọn ará ilé náà kí ẹ sọ fún pé ohun kan tí ó jọ èyí wà nínú awùjẹ: oríṣi májèlé inú gbágùúdá ni tirẹ̀, àwọn ìyá àgbà tí ó ń sè é lẹ́ẹ̀kan, tí ó ń da omi nù, tí ó tún ń sè é lẹ́ẹ̀kejì, kò fi omi ṣòfò.

ÌBÉÈRÈ: Olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì ni mí. Mo ra àpò ẹ̀wà kan ní oṣù Kejìlá nígbà tí owó rẹ̀ wálẹ̀. Ní oṣù Kẹta, kòkòrò bẹ̀rẹ̀ sí jáde nínú rẹ̀. Ọmọ àbúrò mi bá mi wọ́n oògùn apakòkòrò, dichlorvos, sínú àpò náà, ó sì ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí. Bí a bá fọ̀ ọ́ dáadáa, tí a sì sè é pẹ́, ṣé a lè jẹ ẹ́? Báwo ni kí n ṣe tọ́jú ẹ̀wà lọ́jọ́ iwájú? Bàbá kan, Ìsẹ́yìn.

ÌDÁHÙN: Ẹ má jẹ ẹ́, Bàbá. Mo mọ̀ pé owó àpò ẹ̀wà kan kì í ṣe owó kékeré lọ́wọ́ ẹni tí ń gba owó ìfẹ̀yìntì, mo sì fi ìbànújẹ́ sọ ọ́, ṣùgbọ́n kò sí bí a ṣe lè fọ̀ ọ́ tí ọkàn mi yóò fi balẹ̀. Oògùn náà a máa wọ inú hóró lọ, kì í dúró sí ojú èèpo nìkan. Nítorí rẹ̀ gan-an ni Àjọ Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Yúróòpù fi dá ẹ̀wà gbígbẹ Nàìjíríà dúró ní ọdún 2015: ìwọ̀n tí òfin wọn gbà kò ju 0.01 mílígíráàmù nínú kílò kan lọ, èyí tí wọ́n bá nínú ẹ̀wà wa sì wà láàárín 0.03 àti 4.6. Àbúrò wa tí ó kọ̀wé láti Lọ́ńdọ̀nù kò rí olóyin rà mọ́. Bóyá ọwọ́ tí ó wọ́n oògùn sínú àpò nílé níhìn-ín kò jìnnà sí ọ̀rọ̀ náà.

Kòkòrò yẹn kò wọlé láti ilé yín. Láti oko ni abo rẹ̀ ti ń yé ẹyin sára ẹ̀wà, ọmọ tí a bí níbẹ̀ a gbẹ́ inú hóró wọlé, a jẹ ẹ́ láti inú, a sì dá ihò róbótó sí i lára jáde. Nínú ooru wa, gbogbo èyí kò gbà ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ, nítorí náà ni wọ́n ṣe ń di ọ̀kẹ́ àìmọye kí oṣù Kẹta tó dé. Ṣùgbọ́n ó ní láti mí, ibẹ̀ sì ni a ti lè mú un. Àpò onípele mẹ́ta kan wà tí wọ́n ń pè ní PICS, tí àwọn onímọ̀ Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí rẹ̀ pẹ̀lú àwọn àgbẹ̀ Kamẹrúùnù ní ìparí àwọn ọdún 1980: ọ̀rá méjì tí ó nípọn ní inú, àpò lásán ní òde. Ẹ da ẹ̀wà tí ó gbẹ dáadáa sínú rẹ̀ kí ó kún, ẹ fún afẹ́fẹ́ jáde, ẹ di ẹnu ọ̀rá kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Àwọn kòkòrò yóò lo afẹ́fẹ́ tí ó kù tán, wọn yóò sì kú láìsí oògùn kankan. Kẹ́ẹ̀gì tí ó mọ́, tí ó gbẹ, tí ìdérí rẹ̀ sì le pinpin yóò ṣe irú iṣẹ́ kan náà fún ẹ̀wà ìdílé bí ẹ bá rọ ọ́ kún dé ẹnu. Bí ó bá jẹ́ kóńgò kan tàbí méjì, ẹ fi ọ̀rá dì í kí ẹ fi í sínú fìríìsà fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ má sì gba ẹnikẹ́ni láyè láti gbé oògùn oníhóró tí ń yọ èéfín sínú yàrá tí ènìyàn ń sùn, nítorí pé èéfín rẹ̀ lè pa gbogbo ilé mọ́jú.

Mo tún ń gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń sọ pé ẹ̀wà tí ihò wà lára rẹ̀ ni kí á máa rà, pé ìyẹn kò ní oògùn. Ihò fi hàn pé kòkòrò ti débẹ̀. Kò fi hàn pé wọn kò wọ́n oògùn sí i lẹ́yìn náà. Imú yín ni kí ẹ lò pẹ̀lú: ẹ bu ẹ̀kúnwọ́, ẹ fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná ẹnu yín sí i, ẹ gbóòórùn rẹ̀, bí ó bá sì rùn bí oògùn, ẹ kúrò níbẹ̀.

Àpò tí ó wà nílẹ̀ yẹn, ẹ má tà á, ẹ má fi tọrẹ, ẹ má sì dà á fún adìyẹ. Ẹ bá òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn ìjọba ìbílẹ̀ yín sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń sin ín sí ibi tí ó jìnnà sí kànga àti odò, kí ẹni tí ó bá gbé e sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ àti aṣọ rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni nínú ilé bá ti jẹ nínú rẹ̀, tí ẹ rí i tí itọ́ àti òógùn ń dà lára rẹ̀ ju bó ti yẹ lọ, tí ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì, tí ó ń bì tàbí tí mímí ń nira fún un, ẹ má fún un ní epo pupa mu. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì mú ìgò oògùn náà dání kí dókítà lè rí orúkọ tí ó wà lára ìgò náà.